Òyìnbó Kò Pín Ìdọ̀bálẹ̀

Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ré etí mi kọjá. Nínú takisí Ṣàgámù sí Ìlíṣàn ni mo ti gbọ́ ìyá onílé kan àti akẹ́kọ̀ọ́ tó ń bẹ̀ ẹ́ fún yàrá.

“Ọmọ ibo ni ẹ́?”

“Kétu ni, Mà. Kì í ṣe ti Èkó o, ti ọ̀dọ̀ Faransé.”

“Háà! N kì í gba ọmọ Faransé sílé.”

“Mà, Yorùbá la jọ ń sọ yìí! Òyìnbó ló fa bọ́dà gba àárín oko bàbá ńlá wa. Iṣu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, ẹ̀gẹ́ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì.”

“Ọmọ Yorùbá wo ló ń fi ìjókòó kí àgbà?”

Àwa mẹ́rin la há sẹ́yìn ọkọ̀. Ọmọ náà ṣáà dọ̀bálẹ̀: orí rẹ̀ gbá ìjókòó awakọ̀ gbì, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lórí itan mi.

“Mà, Òyìnbó pín oko wa, kò pín ìdọ̀bálẹ̀!”

Èmi tí ẹnu mi dùn jù ní Ìkẹ́nnẹ́, irú ọ̀rọ̀ yẹn kò jáde lẹ́nu mi rí.

Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. “Dìde, wá wo yàrá náà. Ṣùgbọ́n má fa bọ́dà sí àgbàlá mi o!”