Èmi Ni Mo Fi Ìhàlẹ̀ Sínú Ìwé Bàbá Kpoulou

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì ṣépè fún mi. Ó ti lé lọ́dún kan tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Mo ń sọ ọ́ lónìí nítorí pé ẹni tí mo ṣẹ̀ ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ mi lọ́la.

Ìwé ni mo ń bá àwọn èèyàn kọ ní Ikpinlè, nínú ṣọ́ọ̀bù fọ́tòkọ́pì kékeré kan. Ẹ̀rọ orí fóònù tí wọ́n ń pè ní IA, èyí tó ń dá ọ̀rọ̀ kọ fúnra rẹ̀, ló ń bá mi tò ó ní Faransé, èdè ìjọba wa. Mo mọ̀ ọ́n lò dáadáa. Bí o kò bá sọ ẹni tó ni ìwé náà fún un, àti ẹni tó máa kà á, àti ohun tí o fẹ́ kí onítọ̀hún ṣe, ọ̀rọ̀ ṣákálá ni yóò kó fún ọ. Ìwé tèmi máa ń múná, àní àwọn èèyàn ń ti Oko-Akarè wá kí n bá wọn kọ ọ́. Orí mi sì ń wú.

Bàbá kan wá láti Kpoulou. Òun àti àbúrò rẹ̀ ń jà sí oko ọ̀pẹ tí bàbá wọn fi sílẹ̀, àbúrò kò sì gbé fóònù rẹ̀ mọ́. Ó ní kí n bá òun kọ̀wé sí i. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ẹ̀ṣẹ̀: ó gé ọ̀pẹ òun, ó bú ìyàwó òun, ó lé àwọn ọmọ òun lóko. Ẹ mọ àwọn àgbà wa, wọn a ro ẹjọ́ tán kí wọ́n tó dé ibi ẹ̀bẹ̀. Èrò pọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, n kò ní sùúrù. Mo ń tẹ ẹjọ́ náà bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ.

Ẹ̀rọ bi mí pé kí ni mo fẹ́ kí àbúrò náà ṣe tó bá kà á tán. Ẹ gbọ́ o, ẹ̀rọ bi mí! Bàbá jókòó níwájú mi, n kò bi í. Mo tẹ̀ ẹ́ pé kí ẹ̀rù bà á gidi, kó má fẹsẹ̀ tẹ oko náà mọ́.

Ìwé tó ń fi ikú halẹ̀ ti ń jáde nígbà tí Bàbá parí ọ̀rọ̀. Ó ní, "Sọ fún un pé ọmọ ìyá mi ni. Kó wá sóko lọ́la, ká jọ jẹun, ká pín in."

Mo ní, "Ó ti wà níbẹ̀, Bàbá." Òun kò mọ̀wé. Àbúrò rẹ̀ mọ Faransé kà.

Nígbà tí ìwé tẹ àbúrò náà lọ́wọ́, ó wá sóko lóòótọ́, tòun ti àdá. Ìyàwó Bàbá ló sọ fún mi pé ọkọ òun na ọwọ́ méjèèjì láti dì mọ́ ọn. Ó rò pé ìwé òun ló mú un wá. Àdá gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ já lọ́rùn ọwọ́, ó tún ṣá a léjìká. Àwọn tó wà lóko fi igi lu àbúrò náà títí eyín rẹ̀ fi yọ, tí ojú rẹ̀ kan fọ́. Ó ń pariwo pé, "Ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa pa mí!" Kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, torí ó ti fi ìbínú dáná sun ìwé náà.

Àwọn jandáàmù, ọlọ́pàá ọ̀dọ̀ wa, bi mí. Mo ní ìwé àlàáfíà ni mo kọ. Àbúrò náà wà lẹ́wọ̀n di òní olónìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ló bà mí.

Lánàá ni Bàbá tún wá. Ó ní kí n kọ ìwé mìíràn sí àbúrò òun lẹ́wọ̀n, pé kó má pe òun ní ẹ̀gbọ́n mọ́, pé bí òun bá kú, kó má dé ibojì òun. Lọ́la ló máa wá gbà á. Ó mú iṣu wá fún mi. Ọwọ́ òsì ló fi nà án, ó ní, "Ọmọ mi, má bínú o. Mo mọ̀ pé a kì í fọwọ́ òsì fúnni ní nǹkan."

Mo gbà á, mo sì dúpẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹnu wo ni mo máa fi sọ fún un?