Mo Fi Àìsàn Purọ́ Fún Ìyá Mi

Ìyá mi wà ní Ṣàgámù báyìí, wọ́n gbé e jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò gbé nǹkan mọ́, ẹnu rẹ̀ sì ti wọ́ sí apá kan. Ẹnu tó wọ́ yìí náà ló fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní àràárọ̀ pé Ó wo ọmọ òun sàn. Èmi ni ọmọ náà. Kò sí àìsàn tó ṣe mí, kò sì sí ìgbà kankan tí àìsàn ṣe mí. Ẹ̀yin tí ẹ ò mọ̀ mí ni mo ń sọ ọ́ fún, nítorí n kò tíì rí ẹnu sọ ọ́ fún un.

Obìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí mi, obìnrin ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí, ṣùgbọ́n láti kékeré ni mo ti mọ̀ nínú ara mi pé ọkùnrin ni mí. N kò mọ ohun tí wọ́n ń pè é nígbà náà. Wọ́n ní inú ẹni ni orúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Tèmi gbé inú mi fún ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Nígbà tí ọmú yọ láyà mi, tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi tiwọn yangàn, ṣe ni mo ń fi gèlè ìyá mi tí mo ṣẹ́ po lọ́nà mẹ́rin tẹ tèmi mọ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé Dubai, mo ra aṣọ kan tí wọ́n dìídì ṣe láti máa fún àyà. Èbúté Jebel Ali ní Dubai náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí ńlá kan, èmi ni mo ń yẹ ìwé àwọn kọ̀ǹténà wò kí wọ́n tó jáde. Ẹni tó bá mọ oòrùn ibí yìí ní oṣù Keje á mọ ohun tí ojú mi rí. Òógùn á kó sábẹ́ aṣọ náà, awọ ara mi á bó, ọgbẹ́ á fẹ́ jinná, á tún ya. Tí mo bá wọ ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú mẹ́tírò, ọkọ̀ ojú irin ìlú náà, wọ́n á máa wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n á fa ọmọ wọn mọ́ra. Tí mo bá dúró láàárín àwọn ọkùnrin, ọkàn mi kì í balẹ̀ títí n ó fi sọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi gbé e bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan ṣoṣo ló mọ̀. Sẹ́kìnà lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìlọrin, nọ́ọ̀sì ni. Àwa méjèèjì la jọ gba yàrá kan ní Al Khan ní Sharjah, ìlú tó múlé gbe Dubai, lẹ́yìn tí bedspace tí mo ń sùn ní Karama, níbi tí a ti ń sùn ní mẹ́fà nínú yàrá kan, ti sú mi. Ó rí ọgbẹ́ abẹ́ ọmú mi lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Mo ti ń retí pé yóò kó ẹrù rẹ̀. Omi gbígbóná àti òwú ló lọ gbé wá. Ó fọ ọgbẹ́ náà títí tó fi mọ́, ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ohun tó wà láàárín ẹ̀yin àti Ẹlẹ́dàá yín. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń dì í báyìí lọ, ọgbẹ́ yìí ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ dàgbà." Òun ló bá mi wá ilé ìwòsàn kan ní Bangkok, ní ilẹ̀ Thailand, tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ láti mú ọmú kúrò fún irú èmi. Níbí, òfin ò gbà á, èèyàn ò tiẹ̀ gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ sókè. Dókítà ibẹ̀ bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó ní òun ò lè dá ọjọ́ fún mi àfi tí mo bá wá fúnra mi, kí òun yẹ̀ mí wò, kí dókítà tó ń rí sí èrò ọkàn ẹni náà sì bá mi jókòó. Mo bá gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ti ṣèlérí pé mo máa wálé wá ṣe ìrántí bàbá mi. Nígbà tí mo ní n kò lè wá mọ́, ìyá mi béèrè ìdí. Mo ní mo fẹ́ lọ rí dókítà. Ó ní kí ló ṣe mí. Mo ní ọ̀rọ̀ ọmú ni. Mo gbọ́ bó ṣe gbé ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Àbẹ̀kẹ́, ṣé kókó ni?" Àbúrò rẹ̀ obìnrin, jẹjẹrẹ ọmú ló pa á, ìyá mi ló sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú sí i lọ́wọ́. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. "Rárá" péré ni mo máa sọ. Mo dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ fi purọ́. Nígbà tó bi mí lẹ́ẹ̀kejì, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mọ́mì. Wọ́n kàn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò ni." Kí n má tàn yín, ara mi fúyẹ́ nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo rò ó pé tí wọ́n bá mú un kúrò tán, ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, jẹjẹrẹ ni n ó fi dá a lóhùn, wọ́n á máa káàánú mi, ẹnikẹ́ni ò ní bú mi.

Ẹyin lọ̀rọ̀. Ọjọ́ kejì ni ìyá mi bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, ó ti lé ní àádọ́rin ọdún, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oúnjẹ àárọ̀ ló sì fi máa ń lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí kò jẹun àárọ̀ mọ́, kò lo oògùn mọ́. N kò mọ̀. Ohùn tó ń gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi nìkan ni mo mọ̀, àdúrà, Sáàmù, orin, àdúrà. Mo máa ń gbọ́ ìbẹ̀rẹ̀, n ó pa á. Sẹ́kìnà gbọ́ ọ̀kan, ó bi mí pé kí ni mọ́mì ń sunkún sí. Mo ṣàlàyé fún un. Oúnjẹ ló ń jẹ lọ́wọ́, ó sì gbé ṣíbí kalẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ pè wọ́n. Kò di dandan kẹ́ ẹ sọ ohun tó jẹ́. Ẹ ṣáà sọ fún wọn pé kì í ṣe kókó." Mo ní tí mo bá ti Bangkok dé.

Obìnrin àgbàlagbà kan ni dókítà tí mo bá ní Bangkok, ohùn rẹ̀ rọ̀. Ó pè mí ní Mísítà níwájú gbogbo àwọn tó ń retí, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ó wọn àyà mi, ó fi bírò fa ìlà sí i, ó ní ọgbẹ́ yẹn gbọ́dọ̀ jinná pátápátá ná. Ó wá ń bi mí ní ìbéèrè, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ṣé jẹjẹrẹ ọmú ti pa ẹnikẹ́ni nínú ẹbí mi rí? Mo sọ ti àbúrò ìyá mi. Ó gbójú sókè, ó ní ó dáa tí mo sọ òtítọ́, nítorí wọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ mí wò dáadáa lórí ìyẹn. N kò lè wo ojú rẹ̀. Wọ́n yẹ̀ mí wò, wọn ò rí nǹkan kan. Kí n tó jáde, wọ́n ti dá ọjọ́ fún mi, oṣù mẹ́ta sí i. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde, mo mí kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, inú mi dùn. Ìgbà náà ni mo tan fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Bùkọ́, ti pè mí láìmọye ìgbà. Ìyá mi ṣubú nínú ṣọ́ọ̀ṣì níbi àdúrà ọ̀sán tí wọ́n ń gbà fún mi. Àrùn rọpárọsẹ̀ ni.

Mo wọkọ̀ òfuurufú wálé. Nígbà tí mo dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ̀, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó tiraka láti sọ ni, "Kí ni wọ́n wí?" Mo ní, "Mọ́mì, kò sí jẹjẹrẹ." Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n inú irọ́ ni mo ti sọ ọ́. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Àǹtí Bùkọ́ wólẹ̀ síbẹ̀, ó ń dúpẹ́, wọ́n sì jẹ́rìí ìwòsàn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, mo ń wẹ̀ ẹ́ nígbà tí ọwọ́ òsì rẹ̀ kan àyà mi.

"Kí ló dé tó o dì í?"

"Dókítà ló ní kí n máa dì í."

"Tú u."

Mo tú u. Ó rí ọgbẹ́ náà, ó rò pé ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ gún mi ni. Ó ní kí Àǹtí Bùkọ́ gbé òrí wá, ó sì ń fi ọwọ́ kan tó kù fún un yẹn ra òrí náà sí mi láyà, díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí mo wà ní kékeré. Ó ń ṣàdúrà, ọ̀rọ̀ ò já geere lẹ́nu rẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Ọmọ ló máa mu ọmú yìí, Àbẹ̀kẹ́. Ọmọ ló máa mu ún." Mo ṣe àmín. Kí lẹ̀yin ì bá ti sọ?

Ọjọ́ tí wọ́n dá fún mi ti kọjá. Mo ti padà sí Sharjah, ilé ìwòsàn náà sì ti tún kọ̀wé, wọ́n ti dá ọjọ́ mìíràn. Ẹ má rò pé ohun tí mo jẹ́ ni mo ń jẹ́wọ́ rẹ̀ o. N kò bẹ ẹnikẹ́ni fún ìyẹn. Irọ́ tí mo pa ni mo ń jẹ́wọ́. Tí mo bá lọ ṣe iṣẹ́ abẹ náà, tí ìyá mi rí àyà mi, yóò gbà pé jẹjẹrẹ ti padà dé, ìyẹn lè pa á. Tí mo bá jókòó sọ òtítọ́ fún un, yóò mọ̀ pé lásán lòun fi ọwọ́ òun àti ẹnu òun tọrọ ẹ̀mí mi. Tí mo bá sì fi ọmú náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ara mi ò lè gbà á mọ́. Sẹ́kìnà tó ń fọ ọgbẹ́ náà fún mi pàápàá kì í sọ pé kí n pe mọ́mì mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àṣírí tí ẹnu yín ò tíì gbà láti sọ, ẹ fi í pa mọ́ bí agbára yín bá ṣe mọ, kò sẹ́ni tó lè dá yín lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ikú bò ó lórí fún ẹni tó fẹ́ràn yín, nítorí yóò bá yín bá ikú náà jà, òun ni yóò sì fara gbọgbẹ́.

Ẹ̀yin ìyá ni mo wá ń bi o. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ wà lórí àga yẹn, ṣé ẹ máa fẹ́ kí ọmọ yín jẹ́ kẹ́ ẹ máa dúpẹ́ yín lọ, àbí kó wá jókòó tì yín, kó dì yín lọ́wọ́ mú, kó sọ ọ́ fún yín?