Agogo Méjì Tí N Kò Yí Adéṣínà

Ẹ má sọ pé kí n sinmi. Mo ti sinmi tó lórí bẹ́ẹ̀dì yìí láti ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún mi, n kò sì ní gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi ló ń kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́. Bó bá fẹ́ sunkún, kó máa sunkún, kó ṣáà máa kọ.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní ìyá rere ní ṣọ́ọ̀ṣì, irọ́ lẹ ń pa, èmi náà sì ń gbádùn irọ́ yín. Ní ọdún 2017, wọ́n gbé tíṣà kan tó ń jẹ́ Adéṣínà láti Ìkẹ́rẹ́ wá sí wọ́ọ̀dù wa. Rọpárọsẹ̀ ti gba ẹsẹ̀ àti ohùn rẹ̀. Irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, wákàtí méjìméjì la gbọ́dọ̀ máa yí i kí ara rẹ̀ má baà dégbò, ká sì fọwọ́ sí ìwé tó wà lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì nígbàkígbà tá a bá yí i. Èmi, bí mo bá ti dé láàárọ̀, gbogbo rẹ̀ ni màá fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀kan náà, láti agogo mẹ́jọ dé agogo mẹ́rin, màá sì jókòó. Ẹ má bá mi wá àwáwí pé a ò pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Lóòótọ́ a ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo ráyè sọ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ọ̀lẹ ni mí.

Mojírádé ìyàwó rẹ̀ ló ń yí i. Nígbà tí egbò yọ ní ìdí ọkọ rẹ̀, ó bi mí léèrè, mo ní ó ń rí mi fín, mo lé e síta. Ojú fèrèsé ló ti ń wo ọkọ rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́fà. Ọkùnrin náà ò lè sọ̀rọ̀, ojú ló fi ń tẹ̀ lé mi bí mo bá ń kọjá, èmi a sì wo ibòmíràn. Egbò náà jẹ dé eegun, ibà sì gbé e dè.

Ó kú lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀. Mojírádé wọlé, kò ké. Ó mú ìwé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó kà á.

"Nọ́ọ̀sì, agogo mọ́kànlá lọkọ mi kú l'unú ulé yìí. Ta lẹ yí ní agogo méjì?"

Mo já ìwé náà gbà, mo fà á ya, mo kọ òmíràn. Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Mo jáde lọ bá Akínlolú, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, mo ní ìyàwó wọn ló yọ́ wọlé, tó fún un ní ẹ̀kọ lórí ìdùbúlẹ̀, tí ẹ̀kọ náà fi há a lọ́fun. Akínlolú gbà á gbọ́ kíá, nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́. Wọ́n lé Mojírádé jáde nílé ọkọ rẹ̀ kí wọ́n tó sin òkú. Wọn ò jẹ́ kó da yẹ̀pẹ̀ sí sàréè rẹ̀. Mo wà níbi ìsìnkú yẹn, mo sì jẹun.

Lóṣù tó kọjá, mo rán Bọ́sẹ̀dé sí i ní Igbára-Odò pé kó bá mi bẹ̀ ẹ́. Kò fi omi lọ̀ ọ́.

"Sọ fún ìyá ẹ pé mi ò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnu. Kó kọ ọ́ sílẹ̀, kó fọwọ́ sí i. Ó kúkú mọ̀ ọ́n ṣe."

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ aṣọ funfun nọ́ọ̀sì, ẹ gbọ́. Kí wọ́n ka ìwé yìí sétí Akínlolú àti gbogbo ẹbí rẹ̀. Mojírádé ò pa ọkọ rẹ̀, èmi ni. Bọ́sẹ̀dé, gbé bírò sí mi lọ́wọ́ òsì. Ohun tó wà nínú ìwé yìí, mo ti ṣe é kí n tó fọwọ́ sí i.