Ife Tó Kún Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Ẹ̀yin ará, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Èmi Sámúẹ́lì bíríkìlà, tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ ògiri ilé àdúrà tí ẹ jókòó sí yìí, tí kò sì sẹ́ni tó lè mọ ọ́ gún tó bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò wa, èmi ni Ọlọ́run fi nǹkan yìí hàn. Mi ò kàwé lọ títí, ṣùgbọ́n ojú mi ríran.

Ẹ mọ àìsàn ìdílé wa, tó ń mú èèyàn ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí. Ó pa bàbá mi. Ó ti dé ọwọ́ mi. Nílé wa, a kì í bu omi kún ife, ìdajì là ń bù, kó má baà dà nù. Dókítà wá ní àwọn fẹ́ dán oògùn tuntun wò lára irú wa: àwọn kan á gba oògùn, àwọn kan á gba èyí tó jọ ọ́ tí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa mọ tirẹ̀. Mo gbààwẹ̀ pé kí Olúwa fún mi ní gidi. Lẹ́yìn àdúrà ọ̀sán, oorun gbé mi lọ lórí ẹní.

Ọkùnrin aláṣọ funfun kan ní, "Dìde."

A dé ibi iná. Mo rí àwọn tó ń pe bàbá mi ní ọ̀mùtí, ilẹ̀ ń mì lábẹ́ wọn, wọ́n ń ṣubú, wọ́n ń dìde, wọ́n ń ṣubú, iná ń lá wọn lẹ́sẹ̀, wọ́n ń ké pé àwọn ò mutí, àwọn ò mutí, kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Ọkùnrin kan ń da oògùn sẹ́nu, kò lè gbé e mì, kò lè pọ̀ ọ́.

"Ta nìyí?"

"Ó ń jí oògùn ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì lò, ó ní bóyá tìyẹn ni gidi. Irọ́ ni dókítà wá rí lára àwọn méjèèjì. Wọ́n ní kò ṣiṣẹ́, wọ́n da oògùn tí ì bá wo àwọn ọmọ rẹ̀ sàn nù. Ìwọ tí o gbààwẹ̀ nítorí gidi, ṣé o gbọ́?"

Mo yára tẹ̀ síwájú.

A kọjá síbi ìmọ́lẹ̀. Bàbá mi jókòó, ife omi kún dẹ́múdẹ́mú lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀kán kan ò dà.

"Sámú, ṣé ìdajì lẹ ṣì ń bù?"

"Ìdajì ni, Bàbá."

"Ìbídùn ńkọ́?"

Ọmọ mi nìyẹn. Mo ní, "Ó ti ń fi ọwọ́ méjèèjì di ife mú kó má baà dà."

Bàbá mi gbé ojú kúrò lára mi. Mo rọ̀ mọ́ aṣọ ẹni tó mú mi lọ. "Ẹ sọ fún mi, ṣé gidi ni tèmi? Ẹ ò mọ̀ mí ni? Èmi ni mo mọ ògiri ilé àdúrà."

"Ilé tí o mọ ògiri rẹ̀, ṣé ìwọ nìkan ló ń jókòó níbẹ̀?"

Mo ta jí. Ìbídùn dúró tì mí pẹ̀lú ìdajì ife.

"Bù ú kún."

"Bàbá, á dà."

"Jẹ́ kó dà."

Ó dà sí mi láyà. Mo mu èyí tó kù.

Ẹ̀yin ará, mò ń lọ bá dókítà. Ì báà jẹ́ gidi, ì báà jẹ́ òfìfo, èyí tí wọ́n bá fi sí mi lọ́wọ́ ni màá gbé mì, nítorí Ìbídùn. Tí ẹ bá rí wa tí à ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ lọ lójú títì, ẹ pa ẹnu yín mọ́. Ilẹ̀ tí mo rí níbi iná yẹn kì í dúró.