Ekejì Ọmọ Màlúù Tí Mo Fà Já

Ẹ̀yin ọmọ-ọmọ mi, àyà mi ń hó bí ìkòkò ẹ̀kọ, n kò sì mọ ọjọ́ tí iná máa kú lábẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú ohun tí mo dì mọ́ra láti ọdún márùn-ún kí n tó lọ. Ìwà òmùgọ̀ tèmi ni kí n fi ṣáájú: mo bí ọmọ méje, mo gbẹ̀bí fún obìnrin púpọ̀ ní àdúgbò Avéa, mo wá rò pé kò sí ìdí abo kan láyé tí n kò mọ̀, ìbáà ṣe ti èèyàn, ìbáà ṣe ti màlúù.

Ọdún kejì tí Gabon tí a wà yìí gba òmìnira ni. Tàwàkálítù, ará Ìlọrin tí a jọ ń gbé àgbàlá kan ní àdúgbò Sotega, ní abo màlúù kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀ kó tó kú. Tàwàkálítù kò bímọ; wàrà màlúù náà ló ń tà jẹun. Lọ́jọ́ kan, màlúù bímọ, ọmọ jáde, ekejì, ìyẹn ibi ọmọ, kò jáde. Marcellin, ọmọ ìlú yìí tó ń tọ́jú ẹran, wá ki oògùn oníhóró ńlá méjì sí ilé ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ má fà á o. Ẹ jẹ́ kó já fúnra rẹ̀. Mo ń bọ̀ lọ́túnla." Tàwàkálítù gbé wàrà tó kù nílé lọ sọ́jà, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi ṣọ́ ọ." Lọ́dọ̀ tiwa, ekejì tó bá pẹ́ nínú, ìyá ló ń mú lọ. Mo ní, ta ni Marcellin, ẹni tí kò rọbí rí? Mo wé nǹkan náà mọ́ ọwọ́, mo fẹsẹ̀ ti òpó, mo fà. Ó já. Ìdí mi, tí ẹ mọ̀ bó ṣe tó, fi ìgbẹ́ màlúù ṣe ìjókòó, mo sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ìgbà tí mo rí i pé ìdajì ló wà lọ́wọ́ mi ni ẹ̀rín náà gbẹ. Mo sin ín sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, mo fi ọṣẹ fọwọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òórùn náà kò kúrò.

Lọ́jọ́ kẹta, màlúù kò jẹun mọ́, ohun tó ń jáde lára rẹ̀ ń rùn. Tàwàkálítù di ọrùn rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣe é?" Ẹnu mi, ẹnu yìí kan náà, ló dáhùn pé, "Oògùn Marcellin ni." Nígbà tí ọkùnrin náà dé, ó bi mí pé, "Màmá, ṣé ẹnìkan fà á?" Mo fi orí àbíkẹ́yìn mi búra pé rárá. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. Ọjọ́ mẹ́jọ ló fi ń gba inú rọ́bà da omi oògùn sí ilé ọmọ ẹran náà. Màlúù yè, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni a mú un lọ bá akọ, kò lóyún. Wàrà gbẹ. Tàwàkálítù tà á fún alápatà, ó di alágbàfọ̀.

Èyí tó burú jù ló kù. Àwọn èèyàn wa, àwọn Yorùbá, kóra jọ lọ bá ọ̀gá Marcellin, èmi ni ẹlẹ́rìí pé oògùn rẹ̀ ló ba màlúù jẹ́. Wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Ó wọ igbó lọ bá àwọn tó ń gé gẹdú. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, igi wó pa á. Ta ni mo fẹ́ bẹ̀ báyìí? Ẹ̀bẹ̀ kì í gbé igi kúrò lórí òkú. Ẹ̀yin tó kù láyé ni mò ń bẹ̀, ẹ má gégùn-ún fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kúnlẹ̀ fún Tàwàkálítù, eékún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin nìkan ni mo ní nílùú yìí, Marcellin kì í ṣe ara wa." Ó ju òkúta kan nù. "Ìyá rẹ̀ ṣì ń ta gbágùúdá ní àdúgbò Nombakélé. Nínú àwa méjèèjì, ta ló máa lọ bá a?"