Ọjọ́ Tí Omi Òkun Gba Ohùn Lẹ́nu Mi

Ẹ̀yin ará mi, mo kí yín ní orúkọ Jésù. Ọlọ́run ni mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, òun tó mú mi lọ tó tún mú mi bọ̀, tí kò jẹ́ kí ẹ gbé fọ́tò mi síwájú ìjọ lónìí kí ẹ máa kọrin ìdágbére. Ẹ ṣàmín. Àmín yẹn kò dùn létí mi. Ẹ tún un ṣe. Ehn, ẹ ṣeun.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Fúnmi, Màmá Ìyanu, ẹ mọ̀ pé èmi kì í gba máìkì. Inú ẹgbẹ́ aládùúrà ni mo wà, Ìsìkàn ni mo ti ń ránṣọ, bí mo bá sì ń gbàdúrà nínú yàrá mi, gbogbo àdúgbò ló ń mọ ibi tí mo bá a dé. Láńlọ́ọ̀dù wa ti wá bá mi lórí ọ̀rọ̀ yìí rí. Ó ní, "Ìyá Ìyanu, ṣé adití ni Ọlọ́run ni?" Mo ní, "Bàbá, ẹ má bínú, ọ̀run ló jìnnà." Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe rò ó nìyẹn lóòótọ́.

Àbúrò kan ṣoṣo ni mo ní, Rónkẹ́. Tíṣà ni ní ìlú Oǹdó. Ó di ọdún kẹta tí ọkọ rẹ̀ ti kú, láti ìgbà náà ni kò ti rẹ́rìn-ín mọ́. Mi ò sọ pé ó ń sunkún o. Ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ń sebẹ̀, ó ń dáhùn tí a bá pè é. Ṣùgbọ́n tí ẹnìkan bá sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nínú ilé, tí gbogbo wa ń di ikùn mú, òun á kàn máa wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ìyá wa tó wà ní Oǹdó ló ń tọ́jú rẹ̀ bí ọmọ ọwọ́. Mo gbàdúrà títí ohùn mi fi ha. Ẹ̀yin náà bá mi gbà á nínú ilé yìí.

Rónkẹ́ ní ọmọkùnrin kan, Dámọ́lá, tó ń ṣiṣẹ́ kúùkù ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Zanzibar. Erékùṣù kan ni, lọ́nà Tanzania lọ́hùn-ún. Ọmọ yìí pè, ó ní àyè kò ní gba òun láti wálé lọ́dún yìí, kí ìyá òun wá fi ojú ara rẹ̀ rí ibi tí òun ń gbé, kí èmi Big Mummy sìn ín wá. Ìyá wa gbà. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí a máa kúrò ní Oǹdó, ó fa ọwọ́ àbúrò mi lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Bí o ṣe mú un lọ, bẹ́ẹ̀ ni kí o ṣe mú un bọ̀ fún mi. Mi ò ní ọmọ tí mo fẹ́ fi tọrẹ." Mo ní, "Ìyá, ẹ fọkàn balẹ̀."

A dé ọ̀hún láyọ̀. Ó wá ku díẹ̀ ká padà, Dámọ́lá ní òun ti sanwó fún wa ká fi ọkọ̀ ojú omi ṣe fàájì. Ó ní wọ́n máa ń gbé èèyàn lọ wo ẹja lójú òkun, wọ́n ń jẹ, wọ́n ń mu, wọn kì í gba ọmọdé rárá, àgbàlagbà nìkan. Mo ní ìyẹn dára. Mo rò ó lọ́kàn mi pé àwọn àgbàlagbà bíi tèmi ni, a ó jókòó jẹ́jẹ́, atẹ́gùn á máa fẹ́ sí wa.

Háà! Ìgbà tí a dé etíkun ni mo rí àgbàlagbà. Àwọn òyìnbó, tọkùnrin tobìnrin, ìhòòhò ló kù díẹ̀ kí wọ́n wà. Orin ń dún débi pé igi ọkọ̀ ń gbọ̀n. Àárọ̀ ni o, oòrùn kò tíì le, ọtí ti wà lọ́wọ́ gbogbo wọn, wọ́n fi agboòrùn kékeré sínú ife bíi pé òjò fẹ́ rọ̀ sínú rẹ̀. Èmi àti àbúrò mi rèé nínú ìró àti bùbá, mo tún wé gèlè. Mo yí padà. Rónkẹ́ dì mí lọ́wọ́ mú, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ ká lọ." Ẹ gbọ́ mi dáadáa o. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, mi ò gbọ́ kó sọ pé òun fẹ́ nǹkan kan. Mo bá wọnú ọkọ̀.

Ọmọbìnrin kan gbé ife wá fún wa. Mo ní a kì í mu ọtí. Ó ní omi ọ̀pẹ̀yìnbó ni. Mo gbé e símú, mo dá a padà fún un. Ọ̀pẹ̀yìnbó tí ń ta èèyàn nímú báyìí, wọn kì í tà á ní Ọjà Ọba.

Ọkọ̀ wá fẹ́ gbéra. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, kò sí bọ́ọ̀sì tí í kúrò ní páàkì ní Àkúrẹ́ níbí, kó jẹ́ Ìgbàrà-Òkè tí kò jìnnà yìí ló ń lọ, kí ẹnìkan má gbàdúrà ìrìn àjò. Ọkọ̀ tó ń lọ sórí òkun, ẹnikẹ́ni kò gbàdúrà! Mo dìde. Mo ní kí wọ́n pa orin. Ẹni tó ń wa ọkọ̀ rò pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, ó sáré pa á. Mo gbàdúrà ní èdè òyìnbó, mo gbà á ní Yorùbá. Mo fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀, mo bo ẹ́ńjìnnì, mo de gbogbo ẹ̀mí burúkú inú omi. Bí mo ṣe parí, gbogbo àwọn òyìnbó yìí gbé ife wọn sókè, wọ́n ké "Amen!", wọ́n pàtẹ́wọ́, ọ̀kan tilẹ̀ ní kí n ṣe òmíràn. Àṣé wọ́n rò pé mo wà lára eré. Inú bí mi. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣàmín, àmín wọn sì lágbára ju tiyín àárọ̀ yìí lọ.

A dé ibì kan tí omi mọ́ gaara, wọ́n dá ọkọ̀ dúró. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jùmá, òun ló ń mú èèyàn wọnú omi, ó kó nǹkan fún wa: gíláàsì ńlá tí ń bo ojú bo imú, ọ̀pá rọ́bà tí a ó fi sẹ́nu tí a ó máa fi mí, àti jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ó ní ká dojú bo omi ká máa wo ìsàlẹ̀. Ó wá bẹ̀ wá pé, ohun yòówù tí a bá rí, ká má yọ rọ́bà yẹn lẹ́nu. Ẹni tí ẹ̀rù bá ń bà, kó kàn na ọwọ́ kan sókè, òun á dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ mi orí fún un.

Mi ò fẹ́ wọ omi o. Odò Àlà nìkan lomi tí mo mọ̀, orí afárá ni mo sì ti ń wò ó. Ṣùgbọ́n Rónkẹ́ ti ń tú ìró, ó ti wọ ṣòkòtò tí ọmọ rẹ̀ rà fún un sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá wá sí mi létí. Ṣé kí n jókòó sórí ọkọ̀ kí n máa wò ó? Mo tú gèlè. Mo yá ṣòkòtò lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀. Mo ní, "Olúwa, ìwọ ló rán mi."

Ẹ̀yin ará, Ọlọ́run ṣiṣẹ́ sábẹ́ omi! Ẹja aláwọ̀ yẹ́lò, aláwọ̀ búlúù, àwọn kan ní bátànì lára bí àǹkárá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Wọ́n ń gba abẹ́ ikùn mi kọjá, wọn kò kà mí sí. Mo di ọwọ́ àbúrò mi mú. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ dá orin, rọ́bà kò jẹ́.

Ibi tí mo ti ń wo ẹja kan tó ń walẹ̀, mi ò mọ ìgbà tí mo jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo gbórí sókè, Rónkẹ́ kò sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo wò yíká. Ọ̀ọ́kán lọ́hùn-ún ni mo ti rí i, ó dojú bo omi, kò mira, omi ń gbé e lọ síbi tí ìgbì ti ń fọ́ funfun. Kí lẹ rò pé mo ṣe? Kí ni ọmọ aládùúrà máa ń ṣe? Mo fa rọ́bà yọ lẹ́nu, mo sì ké, "Jésù!"

Omi rọ́ wọlé. Omi òkun kì í ṣe omi kànga o, iyọ̀ ni látòkè délẹ̀. Mo húkọ́, mo tún lanu, "Jésù o!" Ìgbì mìíràn dé, ó gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi. Orin ń dún lórí ọkọ̀, wọ́n ń jó, kò sẹ́ni tó gbọ́ mi. Èmi! Èmi tí láńlọ́ọ̀dù ń gbọ́ láti òkè! Bí mo ṣe ń pariwo sí i ni mo ń mu omi sí i. Lóòótọ́ jákẹ́ẹ̀tì kò jẹ́ kí n rì, ṣùgbọ́n èèyàn lè kú sórí omi láìrì. Àyà mi há, ojú mi ń ṣú. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́ nínú ilé Ọlọ́run. Kì í ṣe ikú tèmi ló wà lọ́kàn mi. Ẹnu ọ̀nà Ìyá ní Oǹdó ni mò ń rí, bí èmi nìkan ṣe máa kan ilẹ̀kùn.

Ohùn mi wá tán. Mo lanu, nǹkan kan kò jáde. Inú ni mo ti sọ ọ́, mo ní, Baba, mi ò lè pariwo mọ́, wo Rónkẹ́. Ìyẹn náà ni. Kò sí ẹsẹ̀ fífi janlẹ̀, mi ò tilẹ̀ rántí ṣàmín. Bí mo ṣe sọ ọ́ tán, ara mi rọ̀, ohun tí Jùmá bẹ̀ wá sì padà sí mi lọ́kàn. Mo wá rọ́bà yẹn níbi tó ti ń fì lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí mi, mo fi í sẹ́nu, mo fẹ́ omi inú rẹ̀ dànù, mo mí. Mo na ọwọ́ kan sókè. Mi ò jù ú, mi ò fi í pe ẹnikẹ́ni, mo kàn nà án síbẹ̀.

Jùmá dé. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ti ń rí mi tipẹ́ tí mò ń fọwọ́ gbá omi, òun rò pé mò ń jó sí orin ni, torí gbogbo èèyàn ló ń jó. Ọwọ́ tó dúró yẹn ló pe òun. Bó ṣe dé, mo nawọ́ sí Rónkẹ́. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ti táyà tó gbé wá sí mi kí n dì í mú, ó sì lúwẹ̀ẹ́ tọ̀ ọ́ lọ. Àṣé àpáta mímú ló wà níbi tí ìgbì ti ń fọ́ yẹn, omi ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fa nǹkan lọ sí agbami. Bó bá ti kọjá ibẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti wíwá kiri.

Mo rí i tó di jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ mú. Mo rí àbúrò mi tó gbórí sókè, tó yọ rọ́bà lẹ́nu. Mo ní á sunkún báyìí. Ẹ̀rín ló bú sí! Ibi tí mo wà ni mo ti gbọ́ ọ. Kò mọ̀ rárá pé ewu wà níbẹ̀. Ìjàpá òkun kan ló ń wò. Nígbà tí wọ́n gbé wa sórí ọkọ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ó yíjú wò mí! Bí ọ̀gá ilé ìwé wa ṣe máa ń wo ẹni tó pẹ́ dé!" Ó tún bú sẹ́rìn-ín. Èmi ń bi omi iyọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, òun ń rẹ́rìn-ín, omijé ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Ọmọbìnrin tó gbé ife wá lẹ́ẹ̀kan yẹn gbé omi tútù wá fún mi, mo gbé e mì, mi ò tilẹ̀ gbóòórùn rẹ̀ wò.

A padà sí Oǹdó. Ìyá wà níwájú ilé. Kí n tó gbé àpótí kalẹ̀, Rónkẹ́ ti ń ṣe ọrùn ìjàpá fún un, ó ń na ọrùn, ó ń yíjú, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé kò lè sọ̀rọ̀. Ìyá wò ó títí. Ó wá yíjú sí mi. Ó ní, "Fúnmi, kì í ṣe bí o ṣe mú un lọ lo ṣe mú un bọ̀." Mo kúnlẹ̀, mo fẹ́ máa ṣàlàyé ọ̀rọ̀ omi. Ó ní, "Dìde. Èyí tó ń rẹ́rìn-ín yìí gan-an ni mo bí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí rẹ̀."

Ẹ̀yin ará, Rónkẹ́ náà rèé níbẹ̀ yẹn, lẹ́yìn, tó fi háńkíṣíìfù bo ẹnu. Oǹdó ló ti wá láàárọ̀ yìí. Pásítọ̀, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ o, mi ò ní ká má pariwo mọ́. Mo ṣì máa pariwo lọ́jọ́ Friday tí mo bá ń gbàdúrà, kí láńlọ́ọ̀dù ní sùúrù. Ṣùgbọ́n mo ti lọ bẹ̀ ẹ́. Mo sọ fún un pé ọ̀run kò jìnnà tó bí mo ṣe wí.

Ẹ bá mi yọ̀, ẹ bá mi fi ògo fún Ọlọ́run. Ẹ má tíì hó o. Ẹ pa ẹnu dé ná. Ẹ na ọwọ́ kan sókè, kí ẹ sọ ọ́ fún un nínú, ohun tí ohùn yín kò lè gbé.

Ó ti gbọ́. Ó yá, ẹ hó wàyí. Halelúyà!