Orúkọ Tó Sún sí Apá Òkú

Dàpọ̀, má wulẹ̀ kí mi! Mo ní má kí mi! Wọlé, ti ilẹ̀kùn yẹn, kí o jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí o tún ṣe tó wá bàjẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àbúrò ìyá rẹ ni mo jẹ́, n kì í ṣe ọ̀tá rẹ, ṣùgbọ́n ohun tí o fà fún mi nínú Ìkòrò yìí, Olúwa nìkan ló mọ̀ ọ́n!

Ta ló bẹ̀ ọ́ ní Línúùsì? Fáírọ́ọ̀sì ló wọ Wíńdòòsì mi, mo ní kí o bá mi lé e jáde, o kó gbogbo ẹ̀ dànù, o gbé Línúùsì sí i dípò rẹ̀, o ní ọ̀fẹ́ ni. Ó dáa. Mo ní ojú ń dùn mí, lẹ́tà ti kéré jù, o tẹ nǹkan méjì, lẹ́tà tóbi. Mo mà súre fún ọ! Mo gúnyán fún ọ! Àṣé o ti sọ ojú ìwé di ohun tó tóbi ju gíláàsì kọ̀ǹpútà lọ, ó wá dà bíi kéèyàn máa yọjú wo àgbàlá láti ojú fèrèsé kékeré. Bí máòsì bá ti kan etí báyìí, gbogbo ẹ̀ á sún lọ. Bí mo bá wá apá ọ̀tún, apá òsì á ti wọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni mo pè ọ́? Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta! Kí lo wí? "Mọ̀mí, ẹ máa rọra gbé máòsì." Ẹ máa rọra! Ṣé ẹyin ni?

Jẹ́ n sọ̀rọ̀! O mọ bí a ṣe ń ṣe Ìsìn Ìrántí ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Orúkọ ẹni tó ń ṣèrántí, apá òsì. Orúkọ olóògbé rẹ̀, apá ọ̀tún. Wọ́n á pe méjèèjì, alààyè á dìde, ìjọ á ṣe àmín. Mo ti tẹ gbogbo orúkọ náà tán sínú ìwé ìsìn lọ́sàn-án Sátidé, ni Bàbá Bámigbóyè bá fi ọ̀pá tilẹ̀ wọlé, wọ́n ní oko Ìjurin ni àwọn ti ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, kí n bá àwọn fi ti ìyàwó àwọn sí i, Màmá Àbẹ̀ní tó kú lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn.

Ìlà kan péré! Mi ò mọ̀ pé ojú ìwé ti sún kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ibi tí mo pè ní òsì, ọ̀tún ni. Mo tẹ orúkọ Bàbá, Peter Bámigbóyè, síbẹ̀. Mo gbé máòsì lọ sódìkejì, ó tún sún padà, mo tẹ Àbẹ̀ní sápá òsì gangan, ojú mi wà lára bébà ọwọ́ Bàbá. Epo jẹnẹrétọ̀ ti ń tán, ó ti ń wúkọ́, mo bá tẹ̀ ẹ́ jáde wéréwéré, mo kó o fún Àlùfáà. Mi ò yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbà! Má wò mí bẹ́ẹ̀!

Olúkáyọ̀dé ló kà á, òǹkàwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wá láti Ẹ̀fọ̀n, tí kò tíì mọ òkú yàtọ̀ sí alààyè nílùú yìí. Ohùn rẹ̀ ròkè lala. "Àbẹ̀ní Bámigbóyè ń ṣèrántí olóògbé Peter Bámigbóyè." Háà! Òkú ń ṣèrántí alààyè! Ni mo bá gbọ́ ọ̀pá nílẹ̀, kó, kó. Bàbá ló ń dìde. Wọ́n gbọ́ orúkọ wọn láàárín àwọn òkú, wọ́n dìde dúró, wọ́n ṣe àmín. Àwọn nìkan ló ṣe é.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé, wọn ò lọ oko mọ́, kòkó ń rà lórí igi. Miriam ọmọ wọn ní wọ́n ti pín aṣọ wọn, síbí oúnjẹ kan, wọ́n á ní ó tó. Àlùfáà lọ ṣàlàyé pé àṣìṣe ni, wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta ni àwọn fi bá obìnrin yẹn gbé, bó bá pe àwọn, àwọn kì í jẹ́ kó pè lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn obìnrin ìjọ ti ń gba ẹ̀yìn ulé mi kọjá, wọn ò fẹ́ kí n mọ orúkọ ọmọ wọn.

Gba bébà yìí. Miriam ló mú un wá láàárọ̀ yìí. Orin ìsìnkú Bàbá nìyẹn, wọ́n ní èmi ni kí n tẹ̀ ẹ́, torí èmi ni Àbẹ̀ní kọ́kọ́ rán níṣẹ́. Èmi! Wo ìsàlẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n ti kọ ọjọ́ ìsìnkú sí i, Dàpọ̀. Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ yìí! Ẹni tó ṣì ń mí!

Kí lò ń tẹ̀ níbẹ̀? Kí n wò ó? Yẹ̀ fún mi. Háà. Ó mà dúró! Òsì òun ọ̀tún wà lójú kan náà, máòsì kan etí, kò lọ síbì kankan, lẹ́tà sì tóbi. O ní bí o ṣe sọ lẹ́tà di ńlá lọ́jọ́ náà, ó yẹ kí o ti dín ojú ìwé kù kó bá gíláàsì mu? Ìlà kan péré lo sì tẹ̀? Ìṣẹ́jú kan! Ohun tí ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, lo fi sọ fún mi pé kí n máa rọra!

Rárá, má dìde. Dá a padà. Mo ní kí o dá a padà bó ṣe wà! A ń gbé e lọ sọ́dọ̀ Bàbá báyìí, tòun ti jẹnẹrétọ̀, bó bá gba ọ̀kadà méjì. Wọ́n gbà pé Àbẹ̀ní ló pè wọ́n. Àlùfáà ti sọ títí, Miriam ti sunkún títí, wọn ò gbọ́. Ojú wọn ló máa rí i. N ó kúnlẹ̀, n ó fi ọwọ́ ara wọn di máòsì mú, n ó ní kí wọ́n gbé e kan etí, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe ìyàwó wọn, èmi ni, èmi tí mi ò yẹ ìwé wò. Bí kò bá wá sún mọ́, kí la fẹ́ fi hàn wọ́n? Bà á jẹ́ padà, Dàpọ̀! Mo bẹ̀ ọ́, jẹ́ kó sún!